Àwẹ̀ró Ọlọ́jọ̀jọ̀ àti Àwọn Tó Ń Jáde Láti Inú Kùrukùru

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ra. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ kó jókòó sẹ́bàá iná. Ẹni tí oorun bá ti ń kùn kó fi orí ti ẹnìkejì rẹ̀, nítorí ààlọ́ tòní dára fún ẹni tó ń tòògbé. Ẹ jẹ́ kí n gbóhùn yín.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi rọra jáde bí èéfín. Ó gba ẹ̀yìn ilé, ó gba ojú ọ̀nà, ó wọ inú kùrukùru. Nígbà tó máa jáde, ó dá lórí Àwẹ̀ró, ìyàwó Àkàngbé ọdẹ, obìnrin tó ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ létí ọ̀nà igbó.

Láyé ìgbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àkàngbé. Ọdẹ ni. Bó bá wọ igbó lówùúrọ̀, ẹran ni yóò gbé bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ pa ẹran ńlá ni wọ́n bí i, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọdẹ́bùnmi.

Ilé wọn kò sí láàárín ìlú. Etí ọ̀nà ló wà, níbi tí ọ̀nà ti ń yọrí jáde kúrò nínú igbó. Lágbègbè yẹn, kùrukùru kì í tètè lọ. Bílẹ̀ bá mọ́, funfun ni gbogbo nǹkan. Àwọn igi á dúró bí àgbààgbà tó ń ronú. Ọ̀nà á dà bí odò tí wọ́n da wàrà sí. Èèyàn á máa gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, kò ní rí i, àfi bó bá dé iwájú rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kan, Àkàngbé gun igi kó lè lúgọ de ẹran. Ẹ̀ka igi ṣẹ́, ràì. Àkàngbé balẹ̀, gbì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá. Àwọn tó mọ eegun tò bá a tò ó, wọ́n fi igi sí i, wọ́n dì í. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí òjò yóò fi lọ tí yóò tún padà.

Ẹran tó wà lórí àjà tán. Èlùbọ́ tán. Ohun tó kù nínú ilé kò ju ewùrà tí Àwẹ̀ró gbìn sẹ́yìnkùlé lọ, àti epo pupa díẹ̀ nínú kèrègbè. Àwẹ̀ró wo ewùrà, ó wo epo, ó wo ọ̀nà. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ lórí ẹní.

Ó ní, "Baba Ọdẹ́bùnmi, mo fẹ́ gbé agbada síta."

Àkàngbé ní, "Kí lo fẹ́ dín?"

"Ọ̀jọ̀jọ̀ ni."

"Ta ni yóò jẹ ẹ́? Ẹni mélòó ló ń gba ọ̀nà yìí?"

Àwẹ̀ró ní, "Ẹni yòówù tó bá gbà á, ebi yóò ti pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Wọ́n gbé Àkàngbé jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ewùrà: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró po ewùrà pọ̀ mọ́ ata, ó fi àlùbọ́sà sí i, ó fi iyọ̀ sí i, ó ń bù ú sínú epo gbígbóná: ṣìì, ṣìì, ṣìì. Ọdẹ́bùnmi lọ já ewé gbòdògì nínú igbó, òun ló ń di ọ̀jọ̀jọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ. Bàbá ń rin, ìyá ń dín, ọmọ ń di. Bí òwò wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ aláàárù kan nínú kùrukùru. Ẹsẹ̀ náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yára kọjá lọ, kíá kíá kíá.

Òwúrọ̀ kejì, wọ́n gbọ́ ohùn àwọn alájàpá. Ọ̀kan ní, "Nǹkan kan ń ta sánsán." Èkejì ní, "Má yà síbẹ̀, bóyá iwin ló ń dáná." Àwọn náà yára kọjá.

Òwúrọ̀ kẹta, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan àti ọ̀pá rẹ̀. Ìyá náà sọ sínú kùrukùru pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kọjá lọ tèmi ni." Òun náà kọjá.

Ọ̀jọ̀jọ̀ tutù sínú ewé. Àkàngbé ní, "Mo sọ fún ọ."

Àwẹ̀ró jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ jẹ. Wọn ò mọ ẹni tó ń dáná ni. Ẹni tí a kò rí, tí a kò gbóhùn rẹ̀, ta ni yóò yà sọ́dọ̀ rẹ̀? Ọdẹ́bùnmi, kọrin kan fún wọn."

Ọdẹ́bùnmi ní ohùn. Bó bá ń kọrin, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń rọra da omi láti inú igbá kan sínú òmíràn. Ó dìde dúró létí ọ̀nà, ó dojú kọ kùrukùru. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń bọ̀ nínú kùrukùru?
*Yà wá jẹun, yà.*
Ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
*Yà wá jẹun, yà.*
Agbada wa kò mọ ọ̀tá,
*Yà wá jẹun, yà.*
Ẹni tó jẹ tiwa, tiwa ni,
*Yà wá jẹun, yà.*

Kò pẹ́, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀: tẹ̀kẹ̀, tẹ̀kẹ̀, tẹ̀kẹ̀. Kùrukùru pínyà bí aṣọ títa. Ẹni tó jáde kì í ṣe aláàárù, kì í ṣe alájàpá. Ẹtu ni.

Ọwọ́ Àkàngbé dúró lórí ewùrà. Ẹtu wo Àkàngbé, Àkàngbé wo ẹtu. Wọ́n mọ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti pàdé nínú igbó, tí ọ̀kan ń sá tí èkejì ń lé.

Ẹtu ní, "Mo gbọ́ orin yín. Ẹ ní ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹsẹ̀ tèmi mẹ́rin rèé. Ṣé òótọ́ ni, àbí orin lásán?"

Àwẹ̀ró wo ojú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fa àpótí kan síwájú. Ó ní, "Ohun tí a fi ẹnu wa kọ lórin, òun náà ló de ẹnu wa. Ẹ jókòó."

Ẹtu jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé, ó dúpẹ́, ó padà sínú kùrukùru. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n bá ìdì igi ìdáná kan lẹ́bàá ààrò, igi gbígbẹ tó dára, tí eyín ẹranko ti gé.

Lẹ́yìn ẹtu ni ọ̀kẹ́rẹ́ dé. Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹun, ó lọ já ẹyìn wá láti orí ọ̀pẹ tí kò sí ẹni tó lè gùn ún. Àwẹ̀ró sè é, ó gún un, ó fún un, epo kún kèrègbè. Lẹ́yìn ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹfọ̀n dé. Ẹfọ̀n jẹun tó pọ̀, ojú sì tì í, ó ní òun kò ní nǹkan tí òun lè gbé wá. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ, rìn bọ̀ lójú ọ̀nà, gìdì, gìdì, gìdì, títí tí koríko fi tẹ́, tí ọ̀nà tóóró fi di ọ̀nà gbòòrò tí ẹni mẹ́ta lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Nígbà tí ọ̀nà fẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbà á. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n ń gbọ́ orin Ọdẹ́bùnmi láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ni. Aláàárù yà. Alájàpá yà. Ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn náà yà, ó jẹun, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

Agbada kan di méjì. Méjì di mẹ́ta. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Wọ́n to pákó fún àwọn tó fẹ́ jókòó. Nígbà tí kùrukùru bá sì ṣú, kò sí ẹni tó ń mọ ẹni tó jókòó ti òun. Aláàárù kan wà tó sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún igbá omi yẹn." Ẹni náà fi orí sún un fún un. Nígbà tí oòrùn yọ, aláàárù rí i pé ìwo wà lórí ẹ̀gbọ́n òun. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun," ó ń jẹun rẹ̀ lọ.

Ẹnì kan wà tí kì í jókòó ní tirẹ̀. Àgbọ̀nrín ni. Abo ni, ó ti dàgbà, irun ọrùn rẹ̀ ti ń funfun. Etí kùrukùru ló máa ń dúró sí, Ọdẹ́bùnmi ni yóò sì gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ bá a. Láti ọwọ́ ọmọ náà ló ti ń jẹ ẹ́. Bí Ọdẹ́bùnmi bá ń lọ já ewé nínú igbó, àgbọ̀nrín á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á jọ lọ, wọ́n á jọ bọ̀.

Òjò lọ, òjò padà. Ẹsẹ̀ Àkàngbé jinná. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò dùn ún. Ó rìn yí ilé ká, ó sáré díẹ̀, ó fò. Inú gbogbo wọn dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú Àkàngbé. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá rí i lọ́nà, wọ́n á ní, "Ọdẹ, a kí ọ." Wọ́n á ní, "Ọdẹ, kí lo pa?" Ní báyìí, àwọn tó ń kọjá kò mọ̀ ọ́n lọ́dẹ. Wọ́n á na ọwọ́ sí i, wọ́n á ní, "Ọkọ ọlọ́jọ̀jọ̀ nìyẹn." Wọn kò fi bú u. Wọ́n ń fi júwe rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ọ, ewùrà á wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Olórí àwọn alájàpá kan wá yà lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn èrò rẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n yó. Ọkùnrin náà nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀, oúnjẹ yín dùn. Ohun tó kù ni ẹran. Bí ẹran bá wà níbí, gbogbo èrò mi ni yóò máa dúró síbí, a ò tún ní dé ìsọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Mo sì ń wo ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá jókòó."

Àwẹ̀ró ní, "Àwọn tí ẹ ń wò yẹn, oníbàárà wa ni wọ́n."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àwọn èrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àkàngbé kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró lọ bá a lábẹ́ igi. Ó ní, "Olówó orí mi, kí ló ń ṣe yín?"

Àkàngbé ní, "Gbogbo ọ̀nà yìí ti gbàgbé ohun tí mo jẹ́."

Àwẹ̀ró fi ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná kan sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Baba Ọdẹ́bùnmi, ẹni tó bá jẹun lọ́wọ́ wa, a kò lè fi ṣe oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀jọ̀jọ̀ náà tutù sí Àkàngbé lọ́wọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Àkàngbé mú ìbọn, ó lọ lúgọ sẹ́yìn igi iṣin kan lọ́nà igbó. Kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Àwẹ̀ró ń dáná, kò mọ̀. Ọdẹ́bùnmi bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀:

Ta ló ń bọ̀ nínú kùrukùru?
*Yà wá jẹun, yà.*
Ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
*Yà wá jẹun, yà.*

Ẹsẹ̀ ń bọ̀: tẹ̀kẹ̀, tẹ̀kẹ̀. Àkàngbé gbé ìbọn sókè. Ẹtu ló jáde. Ó ní, "Baba Ọdẹ́bùnmi, ẹ káàárọ̀. Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ọwọ́ Àkàngbé rọ. Ó sọ ìbọn kalẹ̀ sẹ́yìn igi, ó ní, "Ẹsẹ̀ ti dáa." Ẹtu kọjá lọ jẹun.

Òwúrọ̀ kejì, ó tún lúgọ. Ọdẹ́bùnmi ń kọrin:

Agbada wa kò mọ ọ̀tá,
*Yà wá jẹun, yà.*
Ẹni tó jẹ tiwa, tiwa ni,
*Yà wá jẹun, yà.*

Ẹsẹ̀ ń bọ̀: gìdì, gìdì. Àkàngbé gbé ìbọn sókè. Ẹfọ̀n ló jáde. Ó ní, "Baba Ọdẹ́bùnmi, ìwọ nìyẹn. Mo rò pé igi ni." Ó fi imú kan èjìká rẹ̀, ó kọjá. Èémí rẹ̀ gbóná lára Àkàngbé bí èémí ẹni tó ń bọ̀ láti oko. Àkàngbé sọ ìbọn kalẹ̀.

Nígbà tó di òwúrọ̀ kẹta, ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kíkí ni wọ́n ń kí mi tí ọwọ́ mi fi ń rọ. Lónìí, n kò ní jẹ́ kó kí mi." Kùrukùru ọjọ́ yẹn nípọn ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Èèyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Kò sì sí orin. Àkàngbé kò bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí kò sí orin.

Ó gbọ́ koríko: ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀. Ó rí òjìji kan tó ń bọ̀ láti inú igbó, tó ga, tí etí rẹ̀ méjì fẹ̀ tí ó nà sókè. Ó ní àgbọ̀nrín ni. Kò dúró kó sún mọ́ òun. Ó yin ìbọn: gbàù.

Òjìji náà ṣubú. Ewé fọ́n ká afẹ́fẹ́. Ewé gbòdògì ni.

Àkàngbé dúró, kò lè rìn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti dá rí àti èyí tí kò dá rí ṣe jọ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Nínú kùrukùru, ó gbọ́ pé ẹnì kan ń mí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àgbọ̀nrín ló jáde. Ó gbé Ọdẹ́bùnmi sẹ́yìn. Ọmọ náà ti jí dé igbó kí bàbá rẹ̀ tó jí, ó di ewé rẹpẹtẹ, ó gbé e lérí, ó fi eyín di okùn ìdì náà mú kó má baà tú. Ìdí tí kò fi lè kọrin nìyẹn. Ewé tó nà sókè lórí rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ pè ní etí. Ewé ló gba ọ̀pọ̀ nínú ọta náà. Ọ̀kan ló ha á léjìká, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sára irun àgbọ̀nrín.

Àgbọ̀nrín tẹ́ ọmọ náà síwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Èmi lo ń wá. Ọmọ rẹ lo rí."

Ó yípadà. Kùrukùru gbà á.

Àkàngbé ju ìbọn nù sínú koríko, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó ń sáré lọ sílé. Kò sí ẹni tó padà lọ mú ìbọn yẹn.

Àwẹ̀ró wẹ ojú ọgbẹ́, ó fi ewé sí i, ó dì í. Kò bú ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, kò wò ó lójú, èyí sì dun Àkàngbé ju èébú lọ. Ọgbẹ́ náà jinná. Ọdẹ́bùnmi ń jẹun, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orin kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá ya ẹnu, á tún pa á dé.

Àwọn ẹranko kò wá mọ́. Àwọn ènìyàn náà kò yà mọ́, nítorí ìròyìn ti gba gbogbo ọ̀nà pé, "Ibi tí wọ́n ti ń pe èèyàn wá jẹun ni wọ́n ti ń yìnbọn lù ú." Olórí àwọn alájàpá tó ní kí wọ́n wá ẹran, òun ló kọ́kọ́ wá ọ̀nà mìíràn gbà. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú ọ̀nà tí ẹfọ̀n tẹ̀. Aláǹtakùn ta òwú sínú agbada kẹta, ó ta sínú èkejì.

Àkàngbé wò ó, wò ó. Lọ́jọ́ kan, ó dìde, òun fúnra rẹ̀ rin ewùrà, òun fúnra rẹ̀ pò ó, ó dín in. Epo ta sí i lọ́wọ́, ó fẹ́ ẹ, ó ń dín in lọ. Ó kó ọ̀jọ̀jọ̀ sínú igbá, ó wọ inú igbó. Kò mú ìbọn, kò mú àdá, kò mú ọ̀pá.

Ó bá ẹtu lábẹ́ àràbà kan. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹtu ní, "Dìde. Mo rí ẹnu ìbọn lẹ́yìn igi lọ́jọ́ tí mo kí ọ. Mo rí i. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi kọjá." Àkàngbé kò lè gbé orí sókè. Ẹtu kò jẹ nínú igbá náà.

Ó bá ẹfọ̀n létí omi. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹfọ̀n ní, "Èmi kò rí nǹkan kan ní tèmi. Èmi rò pé o wá pàdé mi lọ́nà ni. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọdẹ wá pàdé mi lọ́nà." Ẹfọ̀n kò jẹ. Ó wọ omi lọ.

Ó rìn títí tó fi bá àgbọ̀nrín níbi tí igbó ti dákẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ṣì wà lára irun ẹ̀yìn rẹ̀. Àkàngbé dọ̀bálẹ̀, ó fi ojú kan ilẹ̀.

Àgbọ̀nrín ní, "Kí lo wá tọrọ?"

Àkàngbé ní, "N kò wá tọrọ nǹkan. Mo wá fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe."

"Sọ ọ́."

"Mo fẹ́ kí wọ́n tún máa pè mí ní ọdẹ. Ìyàwó mi ló ń bọ́ wa, ó ń dùn mí. Mo fi orin ọmọ mi ṣe ìdẹ. Ìwọ ni mo fẹ́ pa. Ìwọ lo sì gbé ọmọ mi wá fún mi."

Ewé kan já láti òkè, ó ń fò bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó balẹ̀. Àgbọ̀nrín wá ní, "Mo gbọ́. Fi igbá yẹn sílẹ̀, kí o máa lọ sílé. Bí a bá máa wá, ẹsẹ̀ wa ni yóò sọ fún ọ."

Àkàngbé padà sílé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àwẹ̀ró, kò fi ọ̀kan pamọ́. Àwẹ̀ró tẹ́tí gbọ́ ọ títí. Nígbà tó parí, ó bu omi fún un, ó sì wò ó lójú.

Láti ọjọ́ náà, Àkàngbé ló ń kọ́kọ́ jí. Òun ló ń nu agbada, òun ló ń tú òwú aláǹtakùn. Kò sí ẹni tó ń kọrin, òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ohùn rẹ̀ kò dára. Ohùn tó fi ń pariwo lé ẹran ni. Ó ń han bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó. Ó dúró létí ọ̀nà ní gbogbo òwúrọ̀, ó ń lé, kò sẹ́ni tó ń gbè é. Kùrukùru gbọ́ ọ, kò fèsì.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Lówùúrọ̀ kan, ó tún dúró:

Ta ló ń bọ̀ nínú kùrukùru?

Kò sí nǹkan. Ó tún lé e:

Ta ló ń bọ̀ nínú kùrukùru?

Láti inú ilé, lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kan dìde, ohùn bí omi tó ń ti inú igbá bọ́ sínú igbá:

*Yà wá jẹun, yà.*

Ọdẹ́bùnmi ni. Àwẹ̀ró dúró pẹ̀lú ewùrà pípò lọ́wọ́, kò lè bù ú sínú epo. Àkàngbé kò bojú wẹ̀yìn, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá bojú wẹ̀yìn, ohùn náà á dákẹ́. Ó fi omijé lé e lọ:

Ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
*Yà wá jẹun, yà.*
Agbada wa kò mọ ọ̀tá,
*Yà wá jẹun, yà.*

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbọ́ ègbè láti iwájú, láti inú funfun tó bo ọ̀nà. Ohùn kan ni, kékeré, tí kò dá a lójú. Lẹ́yìn náà, ohùn méjì. Tẹ̀kẹ̀, tẹ̀kẹ̀. Ẹtu jáde. Gìdì, gìdì. Ẹfọ̀n jáde, ó ń tẹ koríko tó hù sọ́nà. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ pé ẹranko ti padà síbẹ̀, àwọn náà ní, bí ọkàn ẹranko bá balẹ̀ níbẹ̀, tàwa náà á balẹ̀. Aláàárù padà. Ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn padà.

Òwò náà gbèrú ju ti ìṣáájú lọ. Àtíbàbà kò gba èrò mọ́, wọ́n kọ́ ilé sí i. Àwọn kan wá tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn mìíràn wá tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi dàgbà, wọ́n gbé agbada kan fún un, ó lọ ṣí tirẹ̀ sí òpin ọ̀nà kejì, kí ẹni tó bá ti ọ̀hún bọ̀ lè jẹun kó tó wọ igbó, kó sì tún jẹun nígbà tó bá jáde.

Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín kò padà wá. Àkàngbé ń wo etí kùrukùru ní gbogbo òwúrọ̀, kò rí i. Àfi ọjọ́ kan, tí ọmọ àgbọ̀nrín kan jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò rí i rí. Ó dúró níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí.

Ó ní, "Ìyá mi ní kí n wá gba tiwa."

Àkàngbé mú ewé. Ó mú ọ̀jọ̀jọ̀ tó gbóná jù nínú agbada. Ó ń dì í, ó ń tú, ó tún ń dì í. Àwẹ̀ró fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó bá a dì í, ó tún fi í sílẹ̀. Àkàngbé dì í tán, ó rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́. Ọmọ àgbọ̀nrín na ọrùn, ó gba oúnjẹ náà ní ẹnu, ó sì gbé e lọ sílé fún ìyá rẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ ààlọ́ mi dúró sí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Ó kọ́ wa pé kì í ṣe agbada ló ń mú òwò dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe epo. Ọkàn tó balẹ̀ tí ẹni tó ń bọ̀ fi ń yà sọ́dọ̀ ẹni ni. Ẹni tó bá pe èèyàn wá jẹun kò gbọdọ̀ fi ìpè náà ṣe ìdẹ. Ó sì tún kọ́ wa pé bí Ọlọ́run bá gba ọwọ́ aya ẹni bọ́ ilé ẹni, kí á bá a rin ewùrà, kí á má ṣe jẹ́ kó dùn wá.

Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa fún yín, kí ohùn mi há sínú kùrukùru, kí ẹnikẹ́ni má gbè é. Ó yá, ẹ bá mi gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a lọ sùn.